Èsì: “Ayàwòrán-egúngún” kọ́ ni Takahashi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá lórí Shinji Takahashi, dókítà ará Japan tí wọ́n bí ní 1912, ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n “ayàwòrán-egúngún” tí wọ́n fi pè é ń bí mi nínú; dókítà tó ń fi ìtànṣán bíi ti ẹ́síréè wo inú ara, tó sì ń fi í tọ́jú àìsàn, ni.

Ohùn ná. Egungun, ohùn àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ló wà lára èèyàn. Ìgbàlẹ̀ ni egúngún wà. Lọ́dọ̀ bàbá tó kọ́ mi ní Yorùbá, àtúnpè ni títí yóò fi gún. Irú wọn ti tán nílẹ̀, ó ń dùn mí.

Ká tiẹ̀ ní ohùn gún, ṣé egungun ni Takahashi ń wá? Ní ìlú Hirosaki ní Japan, kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Nagoya, bí a ó ṣe rí inú ara ní ìdábùú ló ń lé. Ẹ́síréè lásán a máa to gbogbo nǹkan léra lórí fíìmù, egungun ìhà a bo ẹ̀dọ̀fóró. Ó wá ń yí aláìsàn àti fíìmù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, orísun ìtànṣán dúró sójú kan. Ibi tó fẹ́ wò nìkan ló máa hàn ketekete, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ a di bàìbàì. Àwọn kan ní Yúróòpù náà wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ rárá! 1971 ni ẹ̀rọ CT, èyí tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán inú ara ní ìdábùú, ti Hounsfield, ẹnjiníà ará Gẹ̀ẹ́sì, tó wo orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù.

“Ayàwòrán” gan-an ló burú jù. Ní 1965, Takahashi tẹ ìwádìí jáde lórí fífi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ sàn: ẹ̀rọ ń yí, ojú tí ìtànṣán ń gbà jáde ń yí padà láti bá ìrísí kókó jẹjẹrẹ náà mu níhà gbogbo, kí ara tó yí i ká má baà fara gbá a. Àwòrán wo ló yà níbẹ̀?

Afìtànṣánwò ni mo fara mọ́. Wò yẹn ṣe méjèèjì: a wo inú ara, a wo aláìsàn sàn. “Onítànṣán” tí ẹnìkan dábàá ń dún bí onítàn létí mi.

Ẹni tó ní ti oòrùn nìkan là ń pè ní ìtànṣán, mi ò tíì gbà. Kí wọ́n mú ẹ̀rí wá.