Iyùn òkun tó funfun nínú táǹkì: ta ni tirẹ̀ yè?

Adágún:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iyùn òkun ẹlẹ́ka kan wà nínú táǹkì omi iyọ̀ mi tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí pátápátá, ó funfun láti orí dé ìdí. Ìgbóná omi jẹ́ 26°C, ìwọ̀n iyọ̀ (bí omi náà ṣe wúwo ju omi lásán lọ) sì jẹ́ 1.025. Kí ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí jọ̀wọ́ sọ bí tirẹ̀ ṣe rí.

Oníyọ̀:
Tèmi kò yè.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Kí ẹ tó sọ pé ó ti kú, ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó ní alẹ́. Àwọn ewé-omi tíntìntín tó ń gbé inú ẹran ara iyùn, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ fún un, ni ó máa ń tì jáde nígbà tí ara bá ni ín, àwọ̀ á sì bá wọn lọ; ṣùgbọ́n ẹran ara náà lè ṣì wà lórí egungun rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú lásán kò tètè rí i. Ẹnu tèmi ṣì ń là ní alẹ́, nítorí náà mo dín iná kù, mo ń fi oúnjẹ wẹ́wẹ́ bọ́ ọ, títí àwọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í padà láti ìdí. Tí ó bá jẹ́ egungun nìkan ló kù, tí ewé-omi sì ti hù lé e lórí, ìyẹn ti lọ.

Bàbá Pọ́ǹpù:
Ẹ kò béèrè nípa náítíréètì àti fọ́síféètì, oúnjẹ inú omi tí iyùn àti ewé-omi ń lò. Ọ̀rẹ́ mi kan fọ omi rẹ̀ mọ́ títí méjèèjì fi di 0, ni gbogbo iyùn rẹ̀ bá ń ṣí, tí ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ tó kún fún ìfófòó sì bo yanrìn. A kò da oògùn kankan sí i. A dín àsẹ́ kù, a fi kún oúnjẹ ẹja, títí náítíréètì fi tó 5 ppm (ìpín 5 nínú mílíọ̀nù kan), tí fọ́síféètì sì tó 0.05.

Ìgbì:
Ẹ̀gbọ́n, ìmọ̀ràn yẹn léwu fún ẹni tí kò mọ omi rẹ̀. Ohun ìdánwò lè sọ 0 nígbà tí ewé-omi ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Bàbá Pọ́ǹpù:
Ǹjẹ́ mo sọ pé kí ó má dán omi wò? Ẹ tún un kà.

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá 1.025 yẹn jẹ́ òótọ́. Refractometer mi, ohun èlò tí a fi ń wọn iyọ̀ omi, ń tọ̀nà lórí omi tí kò ní iyọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi omi ìdánwò 35 ppt (ìpín iyọ̀ 35 nínú ẹgbẹ̀rún kan) yẹ̀ ẹ́ wò, irọ́ ni gbogbo ohun tó ti ń sọ fún mi.

Adágún:
Ẹ ṣeun, mà. Mo ti fi omi 35 náà yẹ̀ ẹ́ wò, táǹkì mi sì jẹ́ 1.029 gan-an! Ṣé kí n bu omi tí kò ní iyọ̀ sí i lónìí?

Ìyá Ẹlẹ́ja:
Ẹ máa fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Iyùn tí ara rẹ̀ kò yá kì í fẹ́ ìyípadà òjijì, kódà sí rere.

Ajífọtáǹkì:
Tèmi kì í ṣe funfun rárá. Orí kan lára torch coral mi, irú iyùn olórí púpọ̀ kan, ṣàdédé di ohun ṣíṣàn aláwọ̀ ilẹ̀, tó ń rùn. Mo pa pọ́ǹpù kí ìgbì má bàa gbé e dé orí àwọn yòókù, mo fi síríǹjì fa ohun náà jáde, mo gé orí náà kúrò, mo sì rẹ ìyókù sínú omi áyódìnì gẹ́gẹ́ bí ìwé ara ìgò ṣe wí. Orí kan péré ló yè.

Oníyọ̀:
Òórùn yẹn! Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè orúkọ àrùn náà mọ́.

Ìgbì:
Ǹjẹ́ òkúta tí iyùn náà wà lórí rẹ̀ ṣì wúlò? Mo rò pé sísè ló máa pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀.

Bàbá Pọ́ǹpù:
Ẹ má ṣe sè é, ẹ jọ̀ọ́! Tí zoanthid, ẹ̀dá òkun kékeré kan tó jẹ́ ìbátan iyùn, bá wà lára rẹ̀, ó lè ní palytoxin, májèlé líle kan, èyí tí ó lè bá oru omi gbígbóná jáde. Ó ti gbé odindi ìdílé dé ilé ìwòsàn rí.

Ìgbì:
Torch coral kì í ṣe zoanthid.

Bàbá Pọ́ǹpù:
Ta ló sọ pé torch coral nìkan ló wà lórí òkúta náà?

Ajífọtáǹkì:
Zoanthid kékeré mẹ́ta wà ní abẹ́ rẹ̀ o. Mo ti gbé ìkòkò kúrò lórí iná.