Ta ló ti bá pátákó ṣẹ́ẹ̀sì oníbátìrì ta rí? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń tún yàrá bàbá mi ṣe ní Sátidé, mo bá rí pátákó ṣẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀gbọ́n wọn mú bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1986. Èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀, tí iná pupa ń tàn létí ẹ̀. Mo ki bátìrì bọ̀ ọ́, ó dún! Ta ló tún ní irú ẹ̀? Báwo lẹ ṣe bá a ta?

Ará Peckham: Ṣọ́ọ̀bù àlòkù ni mo ti ra tèmi, pọ́n-ùn mẹ́rin. Iléeṣẹ́ Saitek ló ṣe é, orúkọ Kasparov, ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé nígbà kan, wà lára páálí ẹ̀. Ìpele kìíní nìkan ni mo ti ń borí ẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ọ̀ta ni bàbá mi nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ wọn ní ṣẹ́ẹ̀sì. Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, àtùpà wà lórí tábìlì, ọwọ́ wọn ló sì ń lékè. Wọ́n sún ọmọ ogun kan (pawn, àwọn ọmọ ayò kéékèèké iwájú yẹn) ní ilé méjì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ìdí ẹ̀ tẹ ojú ọpọ́n. Ẹ̀rọ dún, iná tàn: ó ní òun sún ọmọ ogun tòun gba igun síwájú, bọ́ sí ilé tó ṣófo. Iná tún tàn síbi tí ọmọ ogun bàbá mi wà, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò. Wọ́n ní, "Kí ló jẹ ẹ́? Ta ló bá a débẹ̀?" Wọn ò gbé e. Ẹ̀rọ náà ń ké pí, pí, pí. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e lọ bá alátùn-únṣe rédíò ní Dùgbẹ̀, wọ́n ní orí ẹ̀ ti dàrú.

Àjọkẹ́: Yéè! Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa gẹ́lẹ́ nìyí! Màmá mi ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ olè yẹn jáde.

Olùkọ́ Ìṣirò: Kò dàrú o, kò sì jalè. Òfin ni, en passant ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ogun tó bá fo ilé méjì, tó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ogun ọ̀tá, ọmọ ogun ọ̀tá yẹn lè jẹ ẹ́ bí ẹni pé ilé kan péré ló rìn. Ojú ẹsẹ̀ ni o. Tó bá ti ta nǹkan mìíràn, àǹfààní yẹn ti lọ.

Bàbá Ìbejì: Ọ̀gá, mo ti wá mọ̀. Àmọ́ bàbá mi lọ ní 2003, wọn ò gbà títí dọjọ́ yẹn. Ìwé inú páálí tiwa, èdè Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Baálẹ̀ Dráfù: Ayò wo lèèyàn ń bá bátìrì ta? Kò sí òǹwòran, kò sẹ́ni tó máa pe òpè ní òpè.

Ará Peckham: Baálẹ̀, nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe. Ta ni mo fẹ́ jí laago mẹ́rin ìdájí pé kó wá bá mi ta? Pátákó yẹn ló bá mi la ìgbà òtútù méjì kọjá.

Baálẹ̀ Dráfù: Ó yé mi. Ẹ kú ìrọ́jú.

Ìyá Tọ́lá: Ṣé ó ń rí àwọn ọmọ ayò ni? Tọ́lá da tiwa sílẹ̀, ó ṣì ń ta lọ.

Olùkọ́ Ìṣirò: Kò rí nǹkan kan, mà. Ibi tí ẹ bá tẹ̀ ló mọ̀, inú ẹ̀ ló ń tọ́jú ìyókù sí. Pátákó Mephisto onígi ti Jámánì kan wà, òòfà ló wà nídìí ọmọ ayò, ẹ ò ní tẹ̀ ẹ́ rárá.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Ẹ̀rọ ti borí èèyàn tipẹ́. Ẹ bi Kasparov léèrè, Deep Blue, kọ̀ǹpútà IBM, nà án ní 1997.

Olùkọ́ Ìṣirò: Kasparov náà ti na Deep Blue ní 1996, 4 sí 2. Ẹ má dá apá kan sọ.

Ọmọ Ọ̀yọ́: Ti 1997 ló kẹ́yìn o!

Àjọkẹ́: Èmi ò tíì kúrò lọ́rọ̀ bàbá Bàbá Ìbejì.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Èmi náà. Látìgbà tí Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà, ti fi 60 wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì ní New York ní 2024 ni ọmọ mi obìnrin ti ń kọ́ ọ. Mo ní kó sún ọmọ ogun ní ilé méjì, ká wo ohun tí pátákó máa ṣe. Ó ké pí, ó ní ká gbé e kúrò. Ọmọ náà di ọmọ ogun ẹ̀ mú, ó ní, "Dádì, ẹ̀rọ yìí ń jalè!"

Bàbá Ìbejì: Ẹ bá mi kí i. Ẹ rọra ṣàlàyé fún un.