Mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n má wá mọ́

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó bá mọ̀ nípa òfin iṣẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti Ọjọ́bọ̀ ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń tọ́jú ìwé owó níbi tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ n'Ìbàdàn. ₦145,000 lóṣù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í kọjá ọjọ́ 28 kó tó wọlé. Ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó wá pè mí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ mọ́tò lọ bá wọn n'Íkẹjà. Ní March 3, lẹ́tà wọn dé sínú email mi: ₦280,000 lóṣù, kí n bẹ̀rẹ̀ ní April 1, bí àyẹ̀wò ìlera mi bá dáa, tí ẹni méjì tó mọ̀ mí bá sì jẹ́rìí mi. Mo buwọ́ lù ú lọ́jọ́ kejì, mo dá a padà. Mo ṣe àyẹ̀wò ní ọsibítù tí wọ́n dárúkọ fún mi, èsì rẹ̀ dáa. Àwọn ẹlẹ́rìí mi kọ̀wé, HR fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun ti rí i.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ní March 10, HR yìí kọ sí mi lórí WhatsApp: "Ṣé ẹ ti fi iṣẹ́ ibẹ̀ yẹn sílẹ̀? A nílò ìwé tí wọ́n fi gbà pé ẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀." Ọjọ́ náà gan-an ni mo kọ̀wé. Nótíìsì oṣù kan ló wà nínú àdéhùn mi níbẹ̀, àyè rẹ̀ ò sì sí mọ́, ni mo bá san owó oṣù kan fún wọn látinú àpò mi kí wọ́n tó jọ̀wọ́ mi. Mo gba yàrá kan ní Ògbà. Owó ilé, ti àgírímẹ́ǹtì àti ti ejẹ́ńtì, ₦620,000 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ra kéèkì fún mi, wọ́n kọ "Ó dàbọ̀" sí i lára.

March 27, mo ń ki aṣọ sínú Ghana-must-go lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún. Ìlà mẹ́ta péré: ilé-iṣẹ́ ti ṣe àtúntò, ipò yẹn ò sí mọ́, kí n má bínú. Àwòrán kéèkì ṣì wà lórí status mi.

Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé adájọ́ lè ní kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ dandan? Bí kò bá lè ṣe é, ta ló máa dá owó mi padà? Mo ti pe ibi iṣẹ́ àtijọ́, wọ́n ti fi ẹlòmíì jókòó sórí àga mi. Ẹ má sì sọ fún mi pé "àkókò rẹ ni kò tíì tó" o. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Bàbá Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹjọ́ ní Nàìjíríà, èèyàn lè bímọ tì í kí ọmọ ọ̀hún rìn kó sì wọ ilé-ìwé. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Lọ́yà Àkúrẹ́

Bàbá, òwe yẹn dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wo ló wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀?

Ọmọ Mọ́kọ́lá, wọ́n fi iṣẹ́ lọ̀ yín, ẹ buwọ́ lù ú, ẹ dá a padà: àdéhùn ti dúró nìyẹn. Kò dìgbà tí ẹ bá jókòó sórí àga wọn. Ká ní wọ́n ti yí ọkàn padà kí ẹ tó buwọ́ lù ú ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, nítorí ẹni tó na nǹkan síni lè fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kí a tó gbà á. Ohun méjì tí wọ́n so mọ́ iṣẹ́ náà, ẹ ti ṣe méjèèjì. Àtúntò ò sí nínú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tá a ti dárúkọ àyẹ̀wò, ẹni tí wọ́n bá ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò HIV kó tó lè ríṣẹ́, kó mọ̀ pé òfin ọdún 2014 lòdì sí i. Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Kí adájọ́ tì yín wọlé wọn, ẹ má retí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni wọ́n, òfin wa kì í sì í gbé òṣìṣẹ́ kọ́ ọ̀gá tí kò fẹ́ ẹ lọ́rùn. Iṣẹ́ ìjọba tí òfin dá sílẹ̀, tó sì dáàbò bò, ni wọ́n ti sábà máa ń dá èèyàn padà. Owó gbà-má-bínú ni tiyín.

Èló? Ibí yìí ni ojú àwọn oníbàárà mi ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ wo ibi tí lẹ́tà yẹn ti sọ̀rọ̀ àkókò ìdánwò (probation). Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé nótíìsì ọ̀sẹ̀ méjì ni, wọ́n á ní owó ọ̀sẹ̀ méjì nìkan ni àwọn jẹ yín, torí bí ẹ bá tilẹ̀ wọlé, wọ́n ṣì lè fi ọ̀sẹ̀ méjì dá yín dúró. Ohun tó lè gbé e kọjá ibẹ̀ ni WhatsApp March 10 yẹn. Wọ́n bèèrè bóyá ẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀. Wọn ò lè sọ pé àwọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn lẹ fi gba ilé ní Ògbà. Owó ilé àti owó oṣù tí ẹ san, special damages la máa ń pe irú rẹ̀: ẹ máa to iye rẹ̀ sínú ìwé ẹjọ́ ní kọ́bọ̀ kọ́bọ̀, ẹ máa sì fi rìsíìtì gbè é lẹ́sẹ̀. Èyí tí kò bá ní rìsíìtì, ẹ kà á sí owó tó bọ́ sódò.

Ẹ má ta fóònù yẹn, ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀. Abala 84 nínú òfin ẹ̀rí, Evidence Act ọdún 2011, gba ohun tó bá ti inú fóònù àti kọ̀ǹpútà jáde, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá gbé screenshot lásán wá, lọ́yà tiwọn á dìde.

National Industrial Court ni ẹjọ́ máa lọ bó bá dójú ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ilẹ̀ wa ṣe ní 2010, ibẹ̀ ni ẹjọ́ iṣẹ́ báyìí wà. Ó ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn, ó ní l'Ékòó. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbé e lọ sí Magistrate, ẹ sá fún un.

Mo Ti Ṣe HR Rí

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sórí àga yẹn, mo sì ti kọ irú email ìlà mẹ́ta bẹ́ẹ̀ rí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ká sọ tòótọ́, nígbà tiwa, "àtúntò" lè jẹ́ pé ọ̀gá pè lálẹ́ pé òun ti rí ọmọ ẹnìkan tó máa ṣe é.

Àbúrò, pípariwo lórí Facebook ò bà wá lẹ́rù rárá. Ohun tó máa ń kó jìnnìjìnnì bá wa ni lẹ́tà lọ́yà tí wọ́n kọ sí MD fúnra rẹ̀, tí gbogbo ẹ̀rí so mọ́ ọn, tí iye owó àti ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dáhùn wà nínú ẹ̀. MD á pè wá sókè: "Ta ló ní kí ẹ bèèrè ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yìí?" Kò sí ìdáhùn.

Bí kò bá sówó lọ́yà, Citizens' Mediation Centre wà lábẹ́ ìjọba Èkó. Wọ́n ń parí ìjà láàárín ọ̀gá àtòṣìṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ wọn ò lè fipá mú ẹni tí kò bá fẹ́ ìlàjà. Kó o sì máa wá iṣẹ́ mìíràn o! Kó gbogbo email tó o fi wáṣẹ́ jọ, torí wọ́n á bi ọ́ bóyá ṣe lo kàn káwọ́ gbera.

Màmá Peckham

Lọ́yà ò purọ́ lórí nótíìsì yẹn. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níbí. Ní London, ACAS, àwọn tó ń parí ìjà iṣẹ́, la kọ́kọ́ ń kàn sí kó tó di Tribunal, ìyẹn kóòtù òṣìṣẹ́, oṣù mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún un nígbà náà, wọn ò sì lè fún ọ ju £25,000 lọ lórí àdéhùn tí wọ́n yẹ̀. Gbogbo wa ti ń ṣírò £25,000. Nótíìsì ọ̀sẹ̀ kan ló wà nínú ìwé ẹ̀, owó ọ̀sẹ̀ kan ló gbà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé gan-an. Ó ti lé lóṣù kan, mo ní kí n wá sọ ibi tó já sí.

Lọ́yà kan ní Dùgbẹ̀ bá mi kọ lẹ́tà sí MD. Owó oṣù kan tí mo san, owó ilé, àti owó oṣù kan tí mi ò rí gbà. Nótíìsì ọ̀sẹ̀ méjì ló wà nínú tèmi náà, ṣùgbọ́n lọ́yà ní ká fi oṣù kan bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ráyè já a wálẹ̀. Ó yẹ kó lé ní mílíọ̀nù kan, àmọ́ ejẹ́ńtì ò fún mi ní rìsíìtì ₦60,000 tó gbà lọ́wọ́ mi, lọ́yà bá fi bíró pa á rẹ́ lójú mi. Ó ku ₦985,000.

Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n pè. Wọ́n ní ₦140,000, a ò gbà. A fà á títí ó fi dúró sí ₦550,000, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa san án. Wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ kí n buwọ́ lù ú pé mi ò ní bá wọn ṣẹjọ́ mọ́. Lọ́yà ti ìwé náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ló máa wà títí ìdajì kejì á fi wọlé. Ìdajì àkọ́kọ́ wọlé lánàá.

Onílé Ògbà ò dá kọ́bọ̀ padà, ṣùgbọ́n ó gbà kí n wá ẹni tó máa gbé e. Mo ti rí ọmọ kọ́pà kan. Ejẹ́ńtì yẹn, títí di òní, kò gbé fóònù mi.