Mo ti ń ja kickboxing tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sọ mí di kóòṣì boxing ọmọdé ní Ìgbógbó, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìgbógbó:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìbéèrè mi á gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi.

Àtìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún 17 ni mo ti ń ja kickboxing, ìjà tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá jà, mo ti pé 31 báyìí, mo jà ní Èkó, mo jà ní Ìbàdàn, mo dé Kùtọ́nu lẹ́ẹ̀mejì, àfi bó ṣe di ọdún tó kọjá tí orúnkún òsì mi yí sódì lórí ríìngì. Dókítà ní nǹkan kan ti já nínú ẹ̀, owó iṣẹ́ abẹ tó sì pè fún mi, èèyàn lè fi ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹni tó gbé ìjà yẹn kalẹ̀ ṣì jẹ mí lówó dòní, tí mo bá pè é á ní òun wà ní mítìn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Bàbá kan ládùúgbò wa ní Ìgbógbó ló wá ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn nírọ̀lẹ́. Boxing nìkan o, torí àwọn òbí ò fẹ́ káwọn ọmọ máa ta ara wọn nípàá kiri ilé. Ọmọ 6 la fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di 11. Pápá iléèwé kan la ń lò, mo rọ yanrìn kún àpò ìrẹsì, mo so ó mọ́ igi máńgòrò, òun ni bẹ́ẹ̀gì wa. Òbí kọ̀ọ̀kan ń mú 1,000 náírà wá lọ́sẹ̀, ìyẹn àwọn tó bá rántí.

Ṣé irú èmi tí mo ti ń ta ìpá látọjọ́ yìí lè di kóòṣì boxing gidi tí èèyàn á fi jẹun, àbí mo kàn ń dá ara mi lágara ni? Èyí tó tún wá ń dà mí láàmú jù ni pé àwọn ọmọ yìí ń ṣe nǹkan tí mi ò kọ́ wọn. Tí mo bá na jáàbù, ẹ̀ṣẹ́ gbọọrọ tọwọ́ iwájú, sí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ gbé orúnkún iwájú sókè díẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà, gbogbo wọn pátá, títí kan èyí tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá! Wọ́n tún máa ń fì sápá ọ̀tún bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Kí ni mo ṣe sí?

Sábó Boy:
Bọ̀dá, ká sòótọ́, ẹ wá nǹkan mí-ìn ṣe. Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Nàìjíríà tó gba bẹ́líìtì àgbáyé ní oríṣi ìwọ̀n méjì, nígbà tó fẹ̀yìn tì, mùsíọ́mù ló ń ṣọ́ ní New York. Dick Tiger o! Ẹ̀yin wá ń retí 1,000 náírà lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ má bínú sí mi o, mo kàn ń sọ tèmi ni.

Baba Ẹ̀pẹ́:
Ọmọ mi, ẹ̀rín pa mí níbi tí o ti ní gbogbo wọn ń gbé orúnkún. Jẹ́ n bi ọ́, tí o bá ń fi jáàbù hàn wọ́n, orúnkún tìẹ ńkọ́? Mi ò sí níbẹ̀ o, àmọ́ mo lè fi owó odindi apẹ̀rẹ̀ ẹja kan ní ọjà Ẹ̀pẹ́ ta tẹ́tẹ́ pé ìwọ gan-an lò ń gbé e. O ò lè mọ̀, ara rẹ ló ń dá a ṣe. Ọdún 14 tí o ti ń fi ojúgun gba ìpá kì í jáde lára lóṣù méjì. Fífì sápá ọ̀tún yẹn náà, orúnkún òsì tó ń dùn ọ́ lò ń sá fún, o gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kejì, àwọn ọmọ wò ó, wọ́n ní áà, bí boxer ṣe ń dúró nìyí. O ti kọ́ ọmọ 11 bí wọ́n ṣe ń tiro.

Èmi kan ẹ̀ṣẹ́ ọdún 9 nígbà tí mo wà nínú iṣẹ́ ológun, jẹ́ n sọ ìyàtọ̀ ẹ̀ fún ọ. Nínú tiyín, ẹsẹ̀ iwájú gbọ́dọ̀ fúyẹ́ kó lè tètè gbéra tí ìpá bá ń bọ̀, èèyàn ò sì gbọ́dọ̀ tẹ orí bá jù kí orúnkún ẹlòmíì má lọ pàdé ẹ̀ lójú. Nínú tiwa kò sí ìpá, ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń gbé ara, orí ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, láti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀, á gba ìbàdí kọjá kó tó dé èjìká. Ẹni tó bá jókòó sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, apá lásán ló máa fi nà ọ́, kò lè dùn ọ́.

Lọ́la, gbé àga lọ, kí o jókòó. Fi igi fa ìlà gbọọrọ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ òsì wọn wà lápá kan, kí ọ̀tún wà lápá kejì, ọmọ tó bá gbé orúnkún ni kó padà sẹ́yìn lọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Má fi ara rẹ hàn wọ́n mọ́ títí o fi máa rí ojúlówó boxer kan tí wọ́n á máa wò. Yanrìn inú àpò yẹn, dà á nù lónìí olúwa ẹ̀! Ṣe ló máa rọ̀ wálẹ̀, ìdí àpò á le bí òkúta, ọrùn ọwọ́ ọmọ kan á yẹ̀ níbẹ̀. Àkísà ni kí o kó sí i, èyí tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́.

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹni tó lè jà lè má lè kọ́ èèyàn, ẹni tí ò jà tó bẹ́ẹ̀ sì lè mọ̀ ọ́n kọ́. Eddie Futch, kóòṣì ńlá ọmọ Amẹ́ríkà yẹn, dókítà ní ọkàn ẹ̀ ò dáa tó, kò lè jà gba owó láéláé. Òun náà ló dúró sí igun Joe Frazier ní Manila ní 1975, tí Frazier jà dé ráùǹdù 14 pẹ̀lú Muhammad Ali, ojú ti wú, kò ríran mọ́, ó ṣì fẹ́ jáde lọ fún ti 15, Futch ní kó jókòó. Ó parí. Freddie Roach tó kọ́ Manny Pacquiao, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Philippines, Futch ló kọ́ òun náà ní ìjà. Futch ní kó fi ìjà sílẹ̀, kò gbọ́, ó tún lọ jẹ̀yà díẹ̀ sí i kó tó gbà ní 1986, lẹ́yìn ìyẹn ló padà sọ́dọ̀ bàbá yẹn láti lọ máa bá a ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Nílé wa níbí, Hogan Bassey gba bẹ́líìtì àgbáyé ní 1957, nígbà tó bọ́ gílọ́fù tán ó di kóòṣì àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Nàìjíríà. Nítorí náà, wá àgbà kóòṣì kan, kí o lọ máa bá a gbé báàgì. Rowe Park ní Yábà ò jìnnà jù, BRT á gbé ọ dé tòsí ibẹ̀.

Ìyá Káosárà, Ìjẹ̀dẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ kóòṣì. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lẹ ń sọ, orí ọmọ ńkọ́? Ọmọkùnrin mi lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn, ọ̀sẹ̀ kejì tó débẹ̀ ni wọ́n fi í síwájú ọmọ tó fi ọdún 3 jù ú lọ, wọ́n ní kí wọ́n ṣe spárìn, ìyẹn kí wọ́n máa kan ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ fún ìdánrawò. Ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú ẹ̀ nígbà tó délé, ó bì lóru, orí ń fọ́ ọ, kóòṣì wá ń sọ fún mi lórí fóònù pé kò sí nǹkan kan, kó padà wá lọ́la. Dókítà ní nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ kan orí ọmọ náà títí orí fífọ́ yẹn á fi lọ pátápátá, kódà kó má gba bọ́ọ̀lù. Ká ní kóòṣì yẹn ló ní "ìyá, ẹ jẹ́ kó sinmi nílé," èmi ni mi ò bá tún sanwó oṣù mí-ìn. Káosárà ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun náà fẹ́ wá kan ẹ̀ṣẹ́. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá ọmọ lórí, ká tó máa sọ̀rọ̀ owó.

Agric Warrior:
@Sábó Boy, o ti mú ti Dick Tiger wá, o ò sọ pé Nojim Maiyegun ló kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ Olympics fún Nàìjíríà, ní Tokyo, 1964, ẹ̀ṣẹ́ ló sì fi gbà á. Ṣé ẹ̀yin ẹlẹ́nu mímú yìí tiẹ̀ ti wọ gílọ́fù rí?

Bọ̀dá Ìgbógbó, ti pé kickboxing lẹ ti wá ò burú. Nígbà tí Mike Tyson fẹ́ pàdé Roy Jones ní 2020, Rafael Cordeiro ni kóòṣì ẹ̀, òun ló gbé pádì, tìmùtìmù ọwọ́ tí wọ́n ń lù, fún un, ọmọ Brazil ni, Muay Thai, ìjà ilẹ̀ Thailand tí wọ́n ti ń ta ìpá, lòun fi gbé ìgbé ayé ẹ̀ jà. Israel Adesanya tiwa náà, kickboxing ló ti bẹ̀rẹ̀, ó tún kan ẹ̀ṣẹ́ gidi ní New Zealand. Ohun kan ṣoṣo, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta ìwé ẹ̀rí kóòṣì fún yín, ẹ bi í pé orúkọ ẹgbẹ́ wo ló wà lórí ẹ̀, torí àwọn Olympics ti já IBA, ẹgbẹ́ boxing àgbáyé ti tẹ́lẹ̀, sílẹ̀ ní 2023, ẹgbẹ́ mí-ìn tó ń jẹ́ World Boxing ni wọ́n ń bá ṣe báyìí. Ẹ lọ bá ẹgbẹ́ boxing ìpínlẹ̀ Èkó fúnra yín, ẹ má gba ọ̀dọ̀ alágbàtà kankan.

Ọmọ Ìgbógbó:
Mo dé o. Baba Ẹ̀pẹ́, owó ẹja yín wà lọ́wọ́ yín digbí. Mo ní kí àbúrò mi fi fóònù ká mi nígbà tí mò ń kọ́ wọn, mo gbé orúnkún lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án láàárín ìṣẹ́jú kan, mi ò mọ ìkankan nínú ẹ̀. Ojú tì mí.

Mo ti da yanrìn nù, télọ̀ kan lójú ọ̀nà wa fún mi ní àpò àkísà mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ Sátidé mò ń lọ Yábà. Ìyá Káosárà, mo ti dá spárìn dúró pátá, pádì àti bẹ́ẹ̀gì nìkan là ń lù títí màá fi rí ẹni tó máa kọ́ èmi alára, ọmọ tí wọ́n bá sì ṣèèṣì gbá lórí, ilé ló ń lọ, àwọn òbí ẹ̀ á mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà kó tó padà wá. Ẹ mú Káosárà wá wò wá ná, ẹ má tíì mówó wá.

Mo jókòó sórí àga lánàá bẹ́ ẹ ṣe wí. Ọmọ 11, ìlà gbọọrọ, mò ń pe jáàbù, jáàbù, ọ̀tún. Nǹkan ti ń lọ dáadáa kí èyí tó kéré jù nínú wọn tó nàka sí mi, ó ní, "Kóòṣì, ẹ̀yin náà ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún ti gbé e lórí àga."