Ìjinná ni, kì í ṣe ìwòsàn: lórí àkójọ ọ̀rọ̀ ọgbẹ́ iná àti ojú abẹ

Ẹ̀yin ará, mo kí yín.

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa gbé síwájú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n fẹ́ kí àwọn atúmọ̀ máa lò bí wọ́n bá ń kọ ìròyìn ìwádìí ìṣègùn lórí ẹni tí iná jó àti ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbé mì. Wọ́n ní bí ọgbẹ́ ṣe ń padà di ara, kí á máa pè é ní "ìwòsàn ọgbẹ́". Rárá o. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Egbò a máa jinná. Ìjinná ni ẹ jẹ́ kí á kọ.

Ẹ tú "ìwòsàn" wò. "Wò" ni, "sàn" ni. Ẹnì kan wo ẹlòmíràn, ẹni tí wọ́n wò sì sàn. Ó wo aláìsàn náà sàn: ẹ gbọ́ bí ohùn ìsàlẹ̀ orí "wò" ṣe di ohùn àárín nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ jókòó tì í. Nínú "ìwòsàn", ohùn ìsàlẹ̀ yẹn padà nítorí pé àbọ̀ ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò kò kúrò. Ibi tí ìwòsàn bá wà, a gbọ́dọ̀ lè béèrè pé ta ló wò ó. Jinná kò mọ olùwò. Kò tilẹ̀ gba àbọ̀ rárá, kò sẹ́ni tó ń sọ pé dókítà jinná egbò. Dókítà lè wẹ̀ ẹ́, ó lè dì í, ó lè rán an. Egbò fúnra rẹ̀ ló máa jinná.

Ẹ mú àpẹẹrẹ tí ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà: "Ìwádìí náà fi ìwòsàn méjì wéra láti mọ èyí tí ìwòsàn rẹ̀ yá jù." Kí ni ìwòsàn àkọ́kọ́, kí ni ìkejì? Ṣé oògùn tí wọ́n fi sójú ọgbẹ́ ni, àbí ẹran tó ń hù? Ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wà fún ni kó ya ohun tí a ṣe fún ọgbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọgbẹ́ ṣe. Bí a bá fi orúkọ kan náà pe méjèèjì, a ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ kí òǹkàwé tó dé ìparí gbólóhùn. Ẹ wá gbọ́ èyí: ní 2015, àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí lórí oyin jọ, wọ́n rí i pé ọgbẹ́ iná tó jó wọ inú awọ, tí kò jó awọ já, bí a bá fi oyin dì í, ó máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 4 sí 5 yára jinná ju èyí tí a fi àwọn ohun ìdìgbẹ́ tí wọ́n sábà ń lò dì lọ. Oyin ni ìtọ́jú. Jíjinná ni ohun tí wọ́n ń ka ọjọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ṣì í gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa rán wa létí pé àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Èmi náà, nọ́ọ̀sì ni mí, egbò ni mo fi ọjọ́ ayé mi wẹ̀. Mi ò tíì pàdé aláìsàn tó bi mí pé ìgbà wo ni ìwòsàn ọgbẹ́ òun máa dé. "Nọ́ọ̀sì, ṣé ó ti ń jinná?" ni wọ́n ń bi mí. Bí mo bá tú báńdéèjì, tí mo rí ẹran pupa wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó ń hù láti ìsàlẹ̀, tí mo sì rí awọ tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ti etí egbò rá bọ̀ láàárín, mo máa ń dá wọn lóhùn pé, "Ó ti ń jinná bọ̀." Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa kọ ìwé aláìsàn ní Gẹ̀ẹ́sì látòkè délẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, jinná ni. Àwọn yẹn gbọ́ Yorùbá débi pé bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí aláìsàn, wọ́n á dá ọ dúró níbẹ̀ kí o tún un sọ. A ò rí irú wọn mọ́.

Ìdí tí ẹ̀gbọ́n wa fi sá fún jinná, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ni pé ọ̀rọ̀ inú ìkòkò ni. Pé bí a bá sọ fún ẹni tí iná jó pé ara rẹ̀ ti jinná, á rò pé a ní iná ti sè é. Olùwa gbólóhùn ni kí wọ́n wò. Ẹran jinná, orí iná ló wà. Egbò jinná, ta ló ń se egbò? Kò sì sẹ́ni tó ń sọ lẹ́bàá ibùsùn pé ara jinná. Egbò rẹ ti jinná ni, ojú ibẹ̀ ti jinná ni. Egbò àdáàjinná ńkọ́, èyí tí a tọ́jú títí tí kò gbọ́? Orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ṣé ẹnikẹ́ni ti gbọ́ egbò àìwòsàn rí?

Àbúrò mi tó kọ̀wé lánàá ní àìjinná tó wà kò sọ pé ìjinná yẹ kó wà. Ó ní kí á wo àìsàn, pé kò sẹ́ni tó ń sọ ìsàn. Òótọ́ ni, a kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn ti kúrò ní òdì "sàn" lásán tipẹ́tipẹ́, ó ti di orúkọ àrùn, ìsàn kò sì ní àyè kankan tó fẹ́ dí. Àyè ìjinná ṣófo. Bí jíjinná bá wù ú jù, kó máa lò ó nínú gbólóhùn, mi ò ní bá a jà.

Wọ́n tún bi mí pé ìgbà wo gan-an la lè sọ pé egbò ti jinná. Ìbéèrè àwọn olùwádìí gan-an nìyẹn. Nínú ìlànà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2006 fún ìtọ́jú egbò ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti ọgbẹ́ iná, egbò ti jinná bí awọ bá ti bo ojú rẹ̀ tán, tí kò sun omi mọ́, tí kò nílò ohun tí a fi ń dì í mọ́, tí wọ́n sì rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí ọ̀sẹ̀ méjì wà láàárín. Ẹ fi ìyẹn wé ohun tó wà lọ́kàn àgbàlagbà bó bá ní egbò ti jinná: ó bò, kò sun omi, a lè ṣí i sílẹ̀. Kì í ṣe pé ibẹ̀ ti lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Ojú àpá kò jọ ojú ara. Ojú abẹ tí a rán, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí awọ ibẹ̀ ní tẹ́lẹ̀ ló tíì ní; bó sì wù kó pẹ́ tó, kì í sábà kọjá nǹkan bí ìdá 80. Ìjinná wà, líle àpá wà lẹ́yìn rẹ̀, oṣù púpọ̀ ló sì wà láàárín wọn. "Ìwòsàn" kó méjèèjì pọ̀ sójú kan.

Ìyá wa kan ní kí á fi ìjinná àti ìwòsàn sílẹ̀, kí á lo "gbígbẹ", nítorí pé àwọn òbí wọn a máa sọ pé egbò ti gbẹ. Ẹ má bínú, mà, ìyẹn gan-an ló lè pa aláìsàn lára. Ohun tí àwọn òbí wa ní lọ́kàn ni pé ọyún dá, omi dá. Ẹni tó bá ka gbígbẹ nínú ìwé ìwádìí máa rò pé kí ojú egbò gbẹ ni à ń lé, á sì ṣí i sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ní 1962, George Winter gbé iṣẹ́ tó ṣe lórí awọ ẹlẹ́dẹ̀ jáde. Ó fi ọ̀rá oníke bo àwọn ọgbẹ́ kan kí wọ́n má baà gbẹ, ó ṣí àwọn kan sílẹ̀ títí wọ́n fi gbẹ tí èépá bò wọ́n. Awọ tuntun tètè bo èyí tó wà lábẹ́ ọ̀rá ní nǹkan bí ìlọ́po méjì, torí pé lójú èyí tó gbẹ, abẹ́ èépá líle ni awọ ní láti wá ọ̀nà gbà. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ohun ìdìgbẹ́ tí kì í jẹ́ kí ojú egbò gbẹ. Ẹ wò ó bí ó ṣe máa rí bí a bá wá kọ ọ́ pé ọ̀rinrin ń mú gbígbẹ yá.

Èyí tó bí mi nínú jù ni "ète". Nínú àkójọ náà, ọgbẹ́ abẹ tí wọ́n fa etí rẹ̀ pọ̀ tí wọ́n rán di "ìwòsàn ète kìíní". Èyí tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kó kún láti ìsàlẹ̀ di "ìwòsàn ète kejì". Ète ta ni? Ọgbẹ́ kò pète nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ Látìn tí Gẹ̀ẹ́sì jogún, "intention", ni wọ́n tú bẹ́ẹ̀, láìbéèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọgbẹ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò tún fi àmì sí i, àwọn kan tó fèsì sì kà á sí ètè. Ètè ì bá tilẹ̀ sàn, torí ètè ọgbẹ́ la ń fà pọ̀ kí á tó rán an. Èmi dábàá àránjinná àti àkúnjinná. A rán an, ó jinná. Ó kún, ó jinná. Ojú abẹ tó mọ́, tí etí rẹ̀ méjèèjì kanra, àránjinná ni. Èyí tó ṣọyún, tí wọ́n ní láti tú okùn rẹ̀, tí à ń ki gọ́ọ̀sì sí lójoojúmọ́ títí ẹran á fi hù kún un, àkúnjinná ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ àdáàjinná rí kò nílò àlàyé. Wọ́n ní ẹlòmíràn lè ka "kún" sí "kùn". Kí a fi àmì sí i.

Lórí "ìjóná" tí àwọn kan fẹ́ fi pe ọgbẹ́ iná, tí à ń fà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, èrò mi kò yí. Jóná ni kí iná jẹ nǹkan tán. Ilé jóná, ìwé jóná. Ẹni tí iná rà lápá kò jóná, iná jó o ni. Ẹni tí omi gbígbóná bó pàápàá, wọ́n fẹ́ kó o sábẹ́ ìjóná! Bí dókítà bá jáde sọ fún ẹbí pé ìjóná ṣẹlẹ̀ sí èèyàn wọn, ariwo ẹkún ni yóò tẹ̀lé e. Ọgbẹ́ iná ni. Jóná ní àyè tirẹ̀, awọ tó ti kú ló ni ín. Ní 1970, Zora Janzekovic, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Maribor ní Slovenia, kọ̀wé nípa bó ṣe ń tètè bẹ́ awọ tó jóná kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, títí á fi kan ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí yóò sì fi awọ tó mọ́ láti ara aláìsàn náà bò ó lójú ẹsẹ̀, dípò kí wọ́n dúró de awọ tó ti kú kó já fúnra rẹ̀. Ẹni náà, iná jó o; awọ rẹ̀ kan jóná. Bí ìjóná bá ti gba gbogbo rẹ̀, orúkọ wo ló kù fún èyí tí abẹ bẹ́ sọnù?

"Oníwọ̀n kìíní, kejì, kẹta" tí wọ́n fi ń sọ bí ọgbẹ́ iná ṣe jìn tó kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó jó ojú awọ. Ó jó wọ inú awọ. Ó jó awọ já. Èyí tó jó awọ já kì í sábà dun ẹni náà lójú ibẹ̀, torí iná ti jó iṣan tó ń gbé ìrora. Nọ́ńbà kò sọ ìyẹn fún wa. "Já" sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, awọ ni o, kì í ṣe àwọ̀. "Àlẹ̀mọ́ awọ", fún awọ tí a mú láti ibòmíràn fi bo ọgbẹ́, dára, mo fara mọ́ ọn.

"Ìwádìí àìlétò" kọ́ la lè pe èyí tí wọ́n fi kèké pín aláìsàn sí ọ̀wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ètò tó le jù ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà ìwádìí streptomycin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1948 ni wọ́n ti ń lò ó kí dókítà má baà yan ẹni tó wù ú sí ọ̀wọ́ tó wù ú. Ta ló máa fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fi òun sínú ohun tí kò létò? Ìwádìí aṣẹ́kèké ni mo rí. Àwọn tó ní kèké jọ tẹ́tẹ́, ẹ mú tiyín wá, mo ti ń retí rẹ̀.

Ó ku ọgbẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó rán an. "Àránpẹ́" tí wọ́n dábàá kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí bó ṣe wà yẹn, rírán náà ló pẹ́, kì í ṣe ìdúró tó ṣáájú rẹ̀. "Àpẹ́rán" sún mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n jinná kò sí nínú rẹ̀, "àpẹ́ránjinná" sì ti gùn jù fún orí tábìlì. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó gbé e wá kí àkójọ náà tó dé ọwọ́ àwọn atúmọ̀.