Èéfín kọ́, òórùn kọ́: kí ni ká pe ohun tó ń jáde lára tínà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. À ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "vapour". Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé ká pe ohun tó ń jáde lára tínà (ohun tí wọ́n fi ń po ọ̀dà), pẹtiróòlù àti gọ́ọ̀mù oníbàtà ní "òórùn olóró". Ẹlòmíràn ní "èéfín" ló tọ́. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ méjèèjì, torí orúkọ tí kò bá a mu lè ṣe òṣìṣẹ́ léṣe.

Èéfín, ojú ń rí i. Eléyìí, ojú kì í sábà rí i. Ti òórùn ló tilẹ̀ léwu jù: béèyàn bá jókòó tì í díẹ̀, á mọ́ imú lára, kò ní gbóòórùn rẹ̀ mọ́, á rò pé ó ti lọ. Kò lọ. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń rọ̀ sí, níbi tí ọmọṣẹ́ tó jókòó sórí àpótí ti ń mí.

Mo wà lọ́dọ̀ oníbàtà kan ní Mushin lọ́jọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn nítorí eruku títì. Ó fi ìka ra gọ́ọ̀mù sí àtẹ́lẹ̀ bàtà, ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kó mí ná." Tó bá mí tán, ó ti ṣeé lẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti mú ọ̀rọ̀ tèmi: èémí. Èémí tínà, èémí gọ́ọ̀mù. Ohun tí gọ́ọ̀mù mí síta ni ọmọṣẹ́ ń mí sínú. Bí ẹnì kan bá ní ẹlẹ́mìí nìkan ló ń mí, ẹ bi oníbàtà. "Ìkùukùu" tí Bíbélì lò nínú ìwé Jákọ́bù sún mọ́ ọn, àmọ́ a máa ń rí ìkùukùu kó tó túká.

Toluene, kẹ́míkà kan inú tínà, máa ń fa orí fífọ́ àti òòyì. Ẹni tó bá fà á símú lọ́pọ̀ ọdún, iyè rẹ̀ lè máa ra. Hexane, kẹ́míkà tó wà nínú gọ́ọ̀mù mìíràn, máa ń ba iṣan tá a fi ń mọ nǹkan lára jẹ́, ìka ẹsẹ̀ á kú, nǹkan á gún un, kò ní mọ̀. Ní Istanbul, ní Turkey, dókítà Muzaffer Aksoy rí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára àwọn oníbàtà tí gọ́ọ̀mù wọn ní kẹ́míkà tó ń jẹ́ benzene. Ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1974.

Èémí tún ṣàlàyé ìbòmú fúnra rẹ̀. Aṣọ kì í dá èémí dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá ti tínà dúró. Àfi ìbòmú tí wọ́n ki èédú tó ń fà á mọ́ra sí.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára jù, kó mú un wá. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ ọ́ létí oníbàtà, kó wò ó bóyá á dìde ṣílẹ̀kùn.