Ibi tí ìwé kíkà ọmọ ti ń takú nílé

Olùkọ́ ọmọ kéékèèké

Ọmọ tó ń sá fún ìwé nílé kì í sábà jẹ́ ọ̀lẹ. Bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ ni kò mọ̀. Òbí a ní "Lọ kàwé!" Ìwé wo? Ojú ewé wo? Ìgbà wo ni yóò tó? Iṣẹ́ tí kò lópin ni lójú ọmọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á. Ẹ sọ ọ́ báyìí: "Ṣí ojú ewé 14, ṣe ìbéèrè kìíní àti ìkejì, kí o gbé e wá kí n wò ó."

Kó tó jókòó, kí pẹ́ńsù méjì ti wà ní gbígbẹ́, kó ti mu omi, kó ti lọ tọ̀. Ọmọ tó bá dìde lẹ́ẹ̀kan wá pẹ́ńsù, àfàìmọ̀ kó má bá eré pàdé lọ́nà. Ẹ jọ ṣe ìbéèrè kìíní. Òun ni kó ṣe ìkejì, kí ẹ máa wò ó. Láti orí ìkẹta, ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ wá iṣẹ́ tiyín ṣe nínú yàrá kan náà, ẹ má jáde. Bó bá takú, ẹ má sọ ìdáhùn fún un. Ẹ bi í pé: Kí ni wọ́n ní kí o wá? Kí lo ti mọ̀ níbẹ̀? Èwo lo ti ṣe rí tó jọ ọ́?

Ọmọ ọdún 6 sí 7 lè jókòó ìṣẹ́jú 10 sí 15 kó tó sinmi ìṣẹ́jú 5. Ọmọ ọdún 9 sí 10 lè lo ìṣẹ́jú 20. Ní ti àpapọ̀ iṣẹ́ alẹ́ kan, òdiwọ̀n tí Harris Cooper, olùwádìí iṣẹ́ àṣetiléwá ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ni ìṣẹ́jú 10 fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan: kíláàsì kẹta, ìṣẹ́jú 30, ìkẹfà, wákàtí kan.

Ẹ tún wò ó bóyá ìwé náà ló le jù. Ẹ ní kó ka ọ̀rọ̀ 100 sí etígbọ̀ọ́ yín. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ tó ju 10 lọ kà, ẹ wá èyí tó rọrùn jù ú lọ. Ìtara kankan ò lè gbé e kọjá ibẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

Ẹ ṣeun gan-an, tíṣà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ni mo fẹ́ fi kún un, torí ibẹ̀ ni òbí ti máa ń fi ọwọ́ ara wọn pa ìfẹ́ ọmọ.

Ní 1973, Mark Lepper, olùwádìí ìwà àti ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àwòrán yíyà. Wọ́n ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún àwọn kan kí wọ́n tó yà á. Wọ́n fún àwọn mìíràn lójijì lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán. Àwọn tó kù ò gba nǹkan kan. Nígbà tó yá, tí kò sí ẹ̀bùn mọ́, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún nìkan ni ìfẹ́ wọn rọlẹ̀: àkókò tí wọ́n fi ń yàwòrán tó nǹkan bí ìdajì tàwọn yòókù. Nítorí náà, ọmọ tó ti fẹ́ràn ìtàn kíkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó ìtàn fún un.

Iṣẹ́ tó sú u ńkọ́? Ẹ̀bùn kékeré lè bá a bẹ̀rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe ni kí ẹ so ó mọ́, ẹ má so ó mọ́ máàkì. Roland Fryer, onímọ̀ ọrọ̀-ajé, dán sísan owó fún akẹ́kọ̀ọ́ wò ní àwọn ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Owó tí wọ́n san fún máàkì kò fi bẹ́ẹ̀ gbé nǹkan kan sókè. Owó tí wọ́n san fún ìwé tí ọmọ kà tán, ní ìlú Dallas, ló so èso. Ọmọ mọ bí a ṣe ń ka ìwé tán. Bí a ṣe ń sọ máàkì 50 di 70, kò mọ̀. Ẹ má dá ẹ̀bùn náà dúró lójijì, kó má bàa rò pé ẹ ń fìyà jẹ òun. Lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ọjọ́ méjì-méjì ní ìkejì, lẹ́yìn náà kí ó máa wá láìròtẹ́lẹ̀.

Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ nílé

Ohun tó tún ń pa ìtara ni pé ọmọ kì í rí i pé òun ń tẹ̀síwájú. Ó ń ka ojú ewé kan náà lákàtúnkà, ó dà bíi pé ó ti mọ̀ ọ́n, ó dé ìdánwò, ó gbàgbé. Ní 2006, Roediger àti Karpicke, olùwádìí méjì lórí bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan, fi hàn pé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó kàn ń tún ìwé kà ló rántí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí ló borí.

Ẹ gé páálí pélébé tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ìbéèrè kan ní iwájú, ìdáhùn rẹ̀ lẹ́yìn. Wá àpótí mẹ́ta. Kí ọmọ máa dáhùn ti àkọ́kọ́ lójoojúmọ́, ti ìkejì ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ti ìkẹta ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Páálí tó bá gbà, kó bọ́ sí àpótí tó kàn, èyí tó bá ṣì, kó padà sí àkọ́kọ́. Ẹ fi páálí 10 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi 3 kún un lójúmọ́. Bó bá ń ṣì ju 4 lọ nínú 10 fún ọjọ́ méjì, ẹ má fi tuntun kún un. Inú ọmọ máa ń dùn bó ṣe ń rí i tí àpótí kẹta ń kún.

Ohun tó ń bà á jẹ́: òbí tó bá ọmọ kọ páálí, ìdáhùn márùn-ún lórí páálí kan, àti ọmọ tó ń yọjú wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. Kó kọ́kọ́ sọ ọ́ sókè.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta

Òótọ́ ni. Ìyìn náà ṣe pàtàkì. "O gbọ́n" máa ń mú kí ọmọ bẹ̀rù iṣẹ́ líle, kó má bàa dà bí ẹni tí kò gbọ́n mọ́. Ẹ dárúkọ ohun tó ṣe: "O tún ìkẹta ṣe nígbà tó dà rú mọ́ ẹ lójú." Kí fóònù sì wà ní yàrá mìíràn, ti ẹ̀yin náà.

Bàbá kan

Bí òbí ò bá mọ iṣẹ́ náà rárá ńkọ́?

Olùkọ́ ọmọ kéékèèké

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe olùkọ́ yín, bàbá. Kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, kí ẹ máa bi í pé "Kí ló fà á?" Ibi tó bá ti dákẹ́ ni kò tíì yé e. Bí àkókò bá ti pé tí kò tíì parí, ẹ jẹ́ kó lọ sùn. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ fún olùkọ́: "Ó ṣe 1 sí 4 fún ìṣẹ́jú 30, ó takú níbi ìpín."